Màmá tí orókún ń dùn, báwo ni wọ́n ṣe máa rí Róòmù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. London ni mò ń gbé. Màmá mi, ẹni ọdún 71, wá kí mi láti Iléṣà, a sì fẹ́ jọ lọ sí Róòmù lóṣù Keje. Ọ̀sán la máa dé, alẹ́ ọjọ́ kejì la máa padà. Orókún ọ̀tún ń yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ń rìn, àmọ́ wọn kò lè rìn pẹ́. Àwọn ahoro àtijọ́ yẹn ló wà lọ́kàn wọn jù. Ibo ni ká lọ, ibo ni ká fi sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Iṣẹ́ amọ̀nà ni mò ń ṣe ní Róòmù, ibi mẹ́ta péré ni mo sì máa mú yín lọ: Colosseum (pápá ìwòran àtijọ́), apá kan nínú Forum (ahoro gbàgede ìlú àtijọ́), àti Pantheon (tẹ́ńpìlì àtijọ́). Ẹ fi Palatine, òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Forum, sílẹ̀. Ó dára o, ṣùgbọ́n gígun òkè náà á jẹ gbogbo agbára tí màmá ní.

Ẹ má sọ pé a mọ oòrùn nílé. Lóṣù Keje, ooru lè kọjá ìwọ̀n 35, ibòji ò sì pọ̀ nínú Forum. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù fún orókún ni ilẹ̀ tí ẹ máa tẹ̀. Òkúta dúdú ńláńlá ni àwọn ará Róòmù tẹ́ sọ́nà, ẹ̀yìn wọn yọ bíi ti ìjàpá, ẹsẹ̀ àìmọye èèyàn ti jẹ́ kó máa dán, àlàfo àárín wọn sì lè há ọ̀pá mọ́lẹ̀. Bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀ ni kí màmá wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà.

Yúrò 18 ni tíkẹ́ẹ̀tì tó kó Colosseum àti Forum pọ̀, wákàtí 24 ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi ìyẹn ṣe ọgbọ́n: ẹ mú aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dé fún Colosseum, kí ẹ lọ sùn, kí ẹ sì wọ Forum láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí oòrùn tó mú. Bẹ́ẹ̀ ni màmá ò ní rin méjèèjì pọ̀. Orí ìkànnì Colosseum gan-an ni kí ẹ ti rà á ṣáájú, kí orúkọ tó wà lórí rẹ̀ sì bá ti pásípọ́ọ̀tù mu, torí wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yẹra fún Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ọ̀fẹ́ ni lọ́jọ́ náà, èrò sì máa ń pọ̀ kọjá ohun tí àgbàlagbà lè fara dà.

Vespasian, olú ọba Róòmù, ló bẹ̀rẹ̀ Colosseum, ọdún 80 ni Titus ọmọ rẹ̀ ṣí i. Kí ẹ tó wọlé, ẹ gbójú sókè: ẹ ó rí nọ́mbà lókè àwọn ẹnu ọ̀nà kan. Ọgọ́rin ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láyé àtijọ́, nọ́mbà yẹn sì ni òǹwòran fi ń mọ ibi tó máa gbà wọlé, bí a ṣe ń ṣe ní pápá bọ́ọ̀lù lónìí. Lífítì wà nínú. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà pé orókún ń dun màmá, kí ẹ má tijú.

Nínú Forum, ẹ gba ẹnu ọ̀nà Largo della Salara Vecchia, kí ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀. Ahoro Basilica Aemilia, gbọ̀ngàn ńlá ìgbà àtijọ́, ló wà níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ mábù rẹ̀ dáadáa: àbàwọ́n aláwọ̀ ewé róbótó-róbótó tí ẹ máa rí, owó idẹ ni. Iná ló yọ́ wọn mọ́ òkúta nígbà tí ogun Alaric, ọba ẹ̀yà Visigoth, wọ ìlú lọ́dún 410.

Ìṣísẹ̀ díẹ̀ síwájú ni ẹnu ọ̀nà ìṣẹ́gun ti olú ọba Septimius Severus, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 203. Ibí yìí ni kí ẹ ti jẹ́ kí màmá dúró pẹ́. Ọmọ Áfíríkà ni Severus. Leptis Magna, ní Líbíyà òde òní, ni wọ́n bí i sí. Orúkọ òun àti ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Caracalla àti Geta, ni wọ́n kọ sókè. Nígbà tí bàbá kú, Caracalla ní kí wọ́n pa Geta, ọmọ ìyá rẹ̀. Àwọn òpìtàn ayé ìgbà náà sọ pé orí àyà ìyá wọn ni Geta kú sí. Caracalla wá ní kí wọ́n yọ orúkọ àbúrò rẹ̀ kúrò níbi gbogbo. Ní ìlà kẹrin ọ̀rọ̀ tó wà lókè náà, ìyìn òun àti bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi dí ààyè náà, ṣùgbọ́n ihò tí wọ́n fi kan lẹ́tà idẹ ti Geta mọ́ òkúta ṣì wà níbẹ̀. Èmi kì í kánjú kúrò níwájú rẹ̀.

Ẹ wọ takisí funfun lọ sí Pantheon lọ́sàn-án. Yúrò 5 ni owó ìwọlé Pantheon. Ṣọ́ọ̀ṣì ni láti ọdún 609, ìjókòó wà, ó sì tutù. Ihò tó wà lórí òrùlé rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 9, òjò ń gba ibẹ̀ wọlé, ihò kéékèèké ilẹ̀ ló sì ń gbé omi náà lọ. Kí ìborùn wà lọ́wọ́ màmá fún èjìká.

Ẹ má máa ra omi. Ẹ̀rọ omi onírin tí wọ́n ń pè ní nasone wà káàkiri òpópónà, ó mọ́, ó tutù. Ẹ fi ìka dí ẹnu rẹ̀, omi á ta sókè láti ihò kékeré tó wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Màmá ò ní bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó mu.

Bí orókún bá kọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ má fipá mú wọn wọ Forum. Ẹ ní kí takisí gbé yín gòkè Campidoglio, òkè tó wà létí Forum. Lẹ́yìn ilé gbọ̀ngàn ìlú ni ibi ìwòran kan wà, ọ̀fẹ́ ni, Forum á sì tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀ yín. Ẹnu ọ̀nà Severus súnmọ́ ibẹ̀ gan-an. Apá méjèèjì rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí, ẹ sì lè fi kámẹ́rà fóònù fà á súnmọ́, kí màmá rí ìlà kẹrin yẹn láti ibi tí wọ́n dúró sí.