Èsì: Ta ló kọ́kọ́ gbé São Tomé àti Príncipe?

Ẹ kú ìbéèrè. Ohun tí ẹ gbọ́, pé kò sí ẹni tó ń gbé erékùṣù méjèèjì yìí, tó para pọ̀ jẹ́ orílẹ̀-èdè kan nínú òkun ní ẹ̀gbẹ́ Áfíríkà, kí àwọn Potogí tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1470, ni àwọn òpìtàn gbà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ lónìí jẹ́ àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Áfíríkà wá sí oko ìrèké, àti ti àwọn alágbàṣe tí wọ́n kó wá láti Àǹgólà, Cape Verde àti Mòsáńbíìkì sí oko kòkó lẹ́yìn tí òfin ti fòpin sí ẹrú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé, lójú tèmi, orúkọ nìkan ni wọ́n pààrọ̀.

Òkè ayọnáyèéfín ló bí ilẹ̀ náà láti ìsàlẹ̀ òkun, ìdí nìyẹn tó fi lọ́ràá tó bẹ́ẹ̀ fún kòkó. Ẹ wo Pico Cão Grande ní gúúsù São Tomé: òkúta kan ṣoṣo tó dúró gbọnrangandan bí abẹ́rẹ́ láàárín igbó, tó ga ju mítà 300 lọ, tí ìkùukùu sì sábà máa ń bo orí rẹ̀. Orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Potogí ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, ọdún 1975.