Bi Bàbá Bíríkìlà: Ibi ìsinmi lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mo ní ilẹ̀ éékà méjì lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Mo fẹ́ kọ́ ibi tí awakọ̀ àti èrò yóò ti máa sinmi, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sì rí ibi ṣe gáà. Mo fẹ́ kó jọ ilé Yorùbá. Ayàwòrán ilé mi gbé ilé onígíláàsì wá, ó ní òun á ri gángan ńlá kan mọ́ iwájú rẹ̀. Ọkàn mi ò gbà á. Ṣé mo sì lè fi ilẹ̀ pupa mọ ọ́n? Ọmọ yín, Mọ́níyà.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, gángan yẹn, fi sílẹ̀ fún onílù. Ilé onígíláàsì tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn nílẹ̀ wa, ààrò ni. Owó dísẹ̀lì tí jẹnẹrétọ̀ á máa jẹ kí ẹ̀rọ amúlétutù lè ṣiṣẹ́ ni yóò jẹ èrè rẹ tán.

Agbo ilé àtijọ́ ni kí o wò. Yàrá yí gbàgede ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà láàárín, òrùlé yọ síta lórí òpó. Bí òjò bá dé, omi á tọ́ láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú gbàgede, àwọn ìyá wa á sáré gbé àmù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀. Ooru á gba òkè gbàgede lọ, atẹ́gùn á gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Kọ́ tìrẹ bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 8, kí o sì mọ pèpéle mọ́ ara ògiri rẹ̀, kó ga dé orúnkún, kó fẹ̀ débi tí awakọ̀ tó ti wakọ̀ láti òru lè nà sí i. Àga oníke tí wọ́n ń tò kiri yẹn, wọ́n á jí i.

Òrùlé tó gùn ní mítà 20, tó fẹ̀ ní mítà 10, lè kó bíi líta 200,000 omi òjò lọ́dún ní Ìbàdàn. Fi tánńkì gbà á, fi fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yìí gan-an ni èrò á fi dá ọ lẹ́jọ́, kì í ṣe òpó gbígbẹ́. Atẹ́gùn òjò láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ló ń fẹ́ jù lọ́dún, nítorí náà gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí àríwá ìlà oòrùn, kí òórùn má bàa bá àmàlà pàdé.

Ilẹ̀ pupa dára. Gbẹ́ ilẹ̀pa, má lo ilẹ̀ dúdú òkè. Ìdá kan sìmẹ́ǹtì sí ìdá 12 ilẹ̀, fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ di búlọ́ọ̀kù, kó o sì máa wọ́n omi sí i lábẹ́ ibòji fún ọjọ́ méje. Òjò tó ń ta láti ilẹ̀ ló ń jẹ ẹsẹ̀ ògiri amọ̀, torí náà fi òkúta gbé ìpìlẹ̀ ga kúrò nílẹ̀. Koríko lórí òrùlé ńkọ́? Rárá o, iná. Páànù ni, Ìbàdàn fúnra rẹ̀, páànù tó ti dípẹtà ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n.

Mú ayàwòrán rẹ lọ wo ilé ìjọsìn àwọn Dominican, ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà Kátólíìkì, níbí ní Ìbàdàn, èyí tí Demas Nwoko yà. Ọmọ Ìdúmùjẹ Ùgbókó ni, kì í ṣe Yorùbá, àmọ́ ó mọ ohun tí ilẹ̀ àti ìmọ́lẹ̀ lè ṣe ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Ní 2023 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Golden Lion níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Venice, ní Ítálì. Kí ẹ sì yà sí Yunifásítì Ìbàdàn, kí ẹ wo ògiri oníhò tí Maxwell Fry àti Jane Drew, àwọn ayàwòrán ilé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi gba atẹ́gùn wọlé.

Fún tírélà ní ẹnu ọ̀nà tiwọn àti àyè lẹ́yìn ilé. Bí wọ́n bá dúró níwájú, kò sẹ́ni tí yóò rí ọ láti títì. Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ nìyẹn o. Kí o tó da ìpìlẹ̀, wádìí ibi tí àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì parí sí.