Kí ni mo máa yí padà kí Django mi tó lè ṣiṣẹ́ lórí Heroku?

Ẹ ní Django yín ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà yín, àmọ́ lórí Heroku, orúkọ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lánàá ti pòórá. SQLite, ibi tí Django máa ń kó dátà sí tí ẹ ò bá yan òmíràn, ló fà á. Fáìlì lásán ni SQLite, Heroku kì í sì í bá yín tọ́jú fáìlì: ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló máa ń tún dyno kọ̀ọ̀kan (ẹ̀rọ kékeré tí ètò yín ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀) bẹ̀rẹ̀, ohunkóhun tí ètò yín bá sì kọ sílẹ̀ síbẹ̀ á bá a lọ. Ẹ lọ gba Postgres, ibi ìkó-dátà tó wà lọ́tọ̀ sí dyno. Heroku á gbé àdírẹ́sì rẹ̀ sínú DATABASE_URL, dj-database-url, àkójọ kóòdù Python kékeré kan, ni kí ẹ fi kà á nínú settings.py. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe migrate (àṣẹ tó ń dá àwọn tábìlì dátà sílẹ̀) lórí Heroku gan-an. Fọ́tò tí àwọn èèyàn bá gbé wá náà ò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀, ẹ kó o lọ sí ibi ìpamọ́ bíi Amazon S3.

Ìyókù ò le. Ẹ pa runserver, sáfà ìdánwò Django, tì. Àwọn tó ṣe Django fúnra wọn ló ní kò wà fún iṣẹ́ gidi. Ẹ fi gunicorn, sáfà gidi tó máa rọ́pò rẹ̀, sínú requirements.txt, kí ẹ sì kọ ìlà kan yìí sínú Procfile, fáìlì tó ń sọ fún Heroku bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ètò yín:

web: gunicorn mysite.wsgi

Orúkọ iṣẹ́ yín ló máa rọ́pò mysite. P ńlá ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ Procfile o, kò sì sí .txt nídìí rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti máa ń dàrú fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹ fi àdírẹ́sì sáìtì yín sínú ALLOWED_HOSTS, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àṣìṣe 400 lẹ máa rí tí DEBUG (ètò ìwá-àṣìṣe Django) bá ti di False. WhiteNoise, àkójọ kóòdù Python mìíràn, ni kó máa gbé CSS yín jáde.