Ọmọ mi fẹ́ máa ya àwòrán lórí tábúlẹ́ẹ̀tì: áàpù wo ni kí n mú fún un?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ojú lọ́nà ilé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Calgary ni a ń gbé. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún 10, kò mọ̀ ju kó máa ya àwòrán lọ. Ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ gbogbo ti kún. A fẹ́ ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún un, àmọ́ áàpù tí wọ́n fi ń yàwòrán ti pọ̀ jù: òmíràn ọ̀fẹ́, òmíràn ń gbowó lóṣooṣù. Èwo ni kí n mú? Bàbá wọn ń bẹ̀rù pé tó bá ti bọ́ sí ìdí ẹ̀, ojú ọmọ náà ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú wọn o. Ọlọ́run á wò wọ́n fún wa.

Ẹ ò sọ irú tábúlẹ́ẹ̀tì tí ẹ fẹ́ rà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ iPad, ẹ ra Procreate. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa sanwó rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí fún Android. Lórí Android, Krita wà lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì ní ìpolówó, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ jù fún ọmọdé. Sketchbook ni èmi máa mú fún ọmọ ọdún 10. Ojú ibẹ̀ mọ́, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú rẹ̀ sì tó o. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ibis Paint gan-an, ìpolówó inú ti ọ̀fẹ́ ni mi ò fẹ́. Clip Studio Paint ń gbowó lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kó dàgbà díẹ̀ sí i ná.

Ẹ má mú èyíkéyìí tí kì í ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Irú ẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń lò. Nígbà tí a gbé ọmọbìnrin mi lọ sí Ọ̀yọ́ nínú ìsinmi, ọmọ ọdún 9 ni nígbà náà, dátà tán, áàpù náà ní àfi ká tún wọlé lákọ̀tun. Ọmọ ń sunkún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ló sáré lọ ra dátà lójú títì. Ìyẹn kéré sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Àbúrò bàbá mi, Bàbá Kékeré, afíngbá ni. Ẹ mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe jẹ́ nílé. Ọmọ mi gbé tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ jókòó tì wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ya ohun tí wọ́n ń fín. Ìlà tí wọ́n bá fà sára igbá, òun náà á fà á sínú tirẹ̀. Bàbá wò ó, inú wọn dùn, wọ́n ní ọmọ yìí lọ́wọ́. Ni wọ́n bá mú igbá kékeré kan, wọ́n sàmì aláǹgbá sí i, wọ́n kó ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́, wọ́n sì di ọwọ́ náà mú títí ó fi fín ẹ̀yìn rẹ̀ tán. Nígbà tí wọ́n tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ni ọ̀bẹ yọ̀. Ó fa ìlà gbọọrọ kọjá ibi tí wọ́n sàmì sí.

Ọmọ náà gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. Ó pa ìka méjì pọ̀, ó fi kan igbá náà pẹ́. Ó dúró. Ó tún fi kàn án.

Ẹ̀yin ò tíì lò ó, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Nínú àwọn áàpù yìí, Procreate náà wà níbẹ̀, tí èèyàn bá fi ìka méjì kan ojú rẹ̀, ohun tó ṣe kẹ́yìn á parẹ́. Ọmọ mi ń dúró kí ìlà náà kúrò lára igbá.

Bàbá bi í pé, "Ìyá mi, kí lò ń wá níbẹ̀?" Ó kọjú sí mi. Ó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, kò lè fèsì. Èmi ni mo fèsì. Bàbá gba igbá náà, wọ́n ń yí i po lọ́wọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: pé ohun tí a bá ti fín, a ti fín in nìyẹn, ibi tí ọ̀bẹ bá gbé ọ lọ ni kí o bá a lọ, pé bàbá àwọn náà ló kọ́ àwọn bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n ń fín in, ìlà yẹn sì di ìrù aláǹgbá, ó wá gùn ó sì lọ́ ju èyí tí wọ́n ti sàmì sí tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Èyí tí mo sọ fún ọmọ mi lédè Gẹ̀ẹ́sì ò ju pé "Grandpa ní kò burú" lọ. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ó ti rẹ̀ mí, èèyàn mìíràn sì ń dúró dè mí.

Kò fọwọ́ kan ọ̀bẹ yẹn mọ́ títí a fi padà. Ìdí tábúlẹ́ẹ̀tì ló wà. Bàbá Kékeré ṣì máa ń béèrè àlàáfíà rẹ̀ lórí fóònù, àmọ́ wọn ò béèrè bóyá ó ń yàwòrán mọ́. Èyí ló ń dùn mí. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n rò pé ọmọ náà fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ àwọn, mi ò sì tíì rí bí mo ṣe fẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

À ń sọ Yorùbá nílé o. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ọwọ́ aláàbójútó ló wà látàárọ̀, ìyẹn ò sì gbọ́ Yorùbá. Owó ilé ò ní dúró dè wá. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Torí náà ẹ bá mi sọ fún Bàbá Ìbejì pé ti ojú kọ́ ni kí wọ́n bẹ̀rù. Ọmọ tó ń yàwòrán ń wo nǹkan dáadáa. Títí di òní ni tèmi ń ya ọnà ara igbá Bàbá Kékeré láì wo ibì kankan, kì í sì í ṣì í. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kò lè fara da àṣìṣe kankan mọ́. Ó lè pa ìlà kan rẹ́ títí ọwọ́ á fi ro ó. Mo sọ fún un pé kó máa ya díẹ̀ láìsí pípa rẹ́, ó ṣe é fúngbà díẹ̀, ó fi í sílẹ̀, èmi náà ò sì lè máa ṣọ́ ọ. Bóyá tí ẹ bá tètè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tiyín, á rọrùn. Ẹ má gba ìwé àti bírò lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ẹ ti ra tábúlẹ́ẹ̀tì.

Nǹkan méjì kù. Kì í ṣe gbogbo Apple Pencil, ìyẹn kálàmù tí wọ́n fi ń yàwòrán lórí iPad, ló bá gbogbo iPad mu, ẹ yẹ nọ́ńbà iPad yín wò kí ẹ tó sanwó. Bákan náà, inú Procreate fúnra rẹ̀ ni àwòrán ń gbé. Tí ọmọ kan bá yọ áàpù náà kúrò kí géèmù lè ráyè, gbogbo rẹ̀ bá a lọ. Ìbejì méjì lórí tábúlẹ́ẹ̀tì kan, ẹ máa kó wọn síbòmíràn lóòrèkóòrè. Tí ẹ bá sì ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ti gbé áàpù náà sórí rẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní Calgary, kí ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wò ó bóyá á ṣí.