Àdúgbò wa ti fòfin de Rottweiler rí, ẹ gbọ́ bó ṣe rí

Àǹtí, ẹ kú ìdààmú ọkàn. Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èyí. Ẹ ní ará ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní Gbàgádà ra ajá ńlá kan tí wọ́n ń pè ní boerboel wálé, ọmọ kékeré méjì lẹ ní, ọkàn yín ò balẹ̀ mọ́, ẹ wá ń béèrè pé ṣé kò yẹ kí ìjọba Èkó fòfin de boerboel, Rottweiler àti pitbull bí wọ́n ṣe fòfin de àwọn irú ajá kan nílùú ọba. Nínú àwọn tó ti dáhùn ṣáájú mi, àwọn kan ní kí wọ́n kó gbogbo wọn kúrò nílùú, àwọn kan ní ajá ò lẹ́bi, ẹni tó ni ín ló lẹ́bi. Èmi ta ajá fún ọdún 9 ní Ẹgbẹ́dá, Rottweiler àti boerboel gan-an ni mo ń tà, ajá mi ti gé ọmọ ọlọ́mọ jẹ, àdúgbò wa sì ti fòfin de Rottweiler nítorí tèmi, torí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi kòrókòró.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí òwò yẹn ṣe rí. Kéèjì 4 ni mo ní lẹ́yìn ilé, irin ni mo fi ṣe é, mo fi páànù bò ó lórí. Láàárọ̀ kùtù màá lọ sí Òkò Ọba l'Ágége lọ ra ẹ̀jẹ̀ màlúù dídì àti ìfun tí àwọn alápatà ò rí tà, màá sè é mọ́ ìrẹsì. Ohun tí ọ̀pọ̀ kọ́sítọ́mà ò mọ̀ ni pé ó yẹ kí ọmọ ajá wà lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8 ó kéré tán, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi eyín ṣeré láì ṣe ẹnì kejì léṣe, torí tó bá gé ọmọ ìyá ẹ̀ jẹ jù, ìyẹn á ké, á sì fi eré sílẹ̀. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 títí dé ọ̀sẹ̀ 14 ló sì yẹ kó máa rí èèyàn, ọmọdé, ọlọ́kadà, kó máa gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀, kó lè mọ̀ pé nǹkan wọ̀nyẹn kì í ṣe ọ̀tá òun. Ọ̀sẹ̀ 5 ni mo ń ta tèmi. Ìgbà míì ọ̀sẹ̀ 4. Tí ọmọ ajá bá ti ń jẹun dáadáa, èrè mi ló ń jẹ. Ẹni tó rà á náà á gbé e lọ sínú kéèjì mìíràn, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, torí wọ́n gbà pé tó bá ti mọ èèyàn kò ní le mọ́. Mo mọ ẹni tó ń fún tiẹ̀ ní ata gígún àti ògógóró kó lè ya wèrè dáadáa. Lẹ́yìn oṣù 8 wọ́n á pè mí pé ajá tí mo tà fáwọn fẹ́ pa àwọn, ìyàwó ilé ò lè jáde lọ sá aṣọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ Rottweiler kan wà tí mo tà fún ìyá kan tó ń ta mọ́ínmọ́ín ní Mushin, ojúde ló tọ́ ọ dàgbà, àwọn ọmọ tó wá ra mọ́ínmọ́ín máa ń dì mọ́ ọn lọ́rùn, ìyá kan náà ló bí òun àtàwọn tó ń lé ìyàwó ilé káàkiri yẹn.

Ọjọ́ Sátidé ni ti Queen ṣẹlẹ̀, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Queen lorúkọ abo Rottweiler mi, ó bímọ 7, wọn ò tíì ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ. Kọ́sítọ́mà kan wá wò wọ́n, bá a ṣe ń dúnàádúrà lọ́wọ́ ló pe ọmọbìnrin kan tó ń kiri ẹ̀pà sísè wọlé pé kó wá ta ẹ̀pà fóun. Èmi ni mo ṣí kéèjì. Bóòtù ìlẹ̀kùn yẹn ti tẹ̀ láti bí oṣù kan, mo mọ̀, wáyà ni mo fi ń so ó. Queen jáde, kò tiẹ̀ gbó. Ọmọ yẹn ò lè ju ọmọ ọdún 9 lọ, ó gbé ọwọ́ òsì sókè láti di tíréè orí ẹ̀ mú, apá yẹn náà ni ajá gbá mú. Nígbà tí mo fi máa já a gbà, ẹ̀pà ti dà sílẹ̀, ó ti po mọ́ ẹ̀jẹ̀ nínú yanrìn, ọmọ náà ò sunkún, ó lóṣòó, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣa ẹ̀pà padà sínú tíréè. Ó ní, "Ìyá mi á nà mí."

Ìyá àgbà kan nílé wa ní kí n gé irun ajá náà wá ká sun ún, ká pò ó mọ́ epo pupa ká fi sójú egbò, ohun tí gbogbo wa gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá wa nìyẹn. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé lókè ló sáré sọ̀ kalẹ̀ tó pariwo pé kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni, fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. A ń fi eyín ya píọ̀ wọ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lo àpò kan tán. Lẹ́yìn náà la gbé e lọ sí ọsibítù. Dọ́kítà béèrè bóyá ajá náà ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, mo sì fa káàdì abẹ́rẹ́ ẹ̀ yọ lápò.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ káàdì yẹn torí òun ló jẹ́ kí n kọ gbogbo èyí. Àwa tó ń ta ajá, kì í ṣe gbogbo wa o, ṣùgbọ́n èmi wà níbẹ̀, a máa ń ra káàdì òfìfo, a ó bó sítíkà lára ìgò abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì, a ó kọ déètì, a ó sáìnì ẹ̀ fúnra wa. Kọ́sítọ́mà á rí i, inú ẹ̀ á dùn. Ọdọọdún ló yẹ kí ajá gba abẹ́rẹ́ yẹn. Queen gbà á lẹ́ẹ̀kan nígbà tó wà lọ́mọ oṣù 3, gbogbo èyí tó kù lórí káàdì ẹ̀, bírò mi ni. Dọ́kítà ti nawọ́ láti gbà á. Mo wo ọmọ yẹn lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní, dọ́kítà, ẹ má wo káàdì yẹn, èmi ni mo kọ ọ́.

Kò bú mi. Ó kọ abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ọ̀kan lọ́jọ́ yẹn, ọ̀kan lọ́jọ́ 3 sí i, ọjọ́ 7, ọjọ́ 14, ọjọ́ 28, àti òmíràn tí wọ́n ń pè ní immunoglobulin tí wọ́n máa gún yí ojú egbò ká. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, immunoglobulin ò sí. Mo wọ gbogbo kẹ́míìsì tó wà láàárín Ẹgbẹ́dá sí Ìkẹjà lálẹ́ ọjọ́ yẹn àti lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo tó rí i n'Ídùmọ̀tà, inú kúlà yìnyín ni wọ́n gbé e sí fún mi, mo gbé kúlà lé itan nínú danfo láti Ìdùmọ̀tà títí dé Ẹgbẹ́dá bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò fẹ́ pa Queen lálẹ́ ọjọ́ yẹn, dọ́kítà ló ní wọn ò gbọdọ̀ pa á, ká so ó mọ́lẹ̀ ká máa wò ó fún ọjọ́ 10. Tó bá jẹ́ pé dìgbòlugi ti wà nínú itọ́ ẹ̀ nígbà tó gé ọmọ jẹ, kí ọjọ́ 10 tó pé á ti hàn lára ẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá kọ́ gbogbo ohun tó yẹ kí n ti mọ̀ kí n tó ta ajá kan ṣoṣo: pé tí àìsàn yẹn bá ti hàn lára èèyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é, pé àjọ ìlera àgbáyé sọ pé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 59 èèyàn ló ń pa lọ́dún, ajá ló sì ń kó o ran èèyàn nínú 99 nínú ọgọ́rùn-ún, àti pé nínú èèyàn 10 tó ń pa, bíi 4 ló jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Láràárọ̀ ni ìyá ọmọ náà ń wá. Kì í kí mi, èmi náà ò lẹ́nu láti kí i. Á dúró sẹ́yìn fẹ́ńsì títí Queen á fi mu omi, tó bá ti rí i pé ó mu omi, á yíjú padà, á lọ. Ọjọ́ 10 pé, nǹkan kan ò ṣe ajá. Ọmọ yẹn ti ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ báyìí. Ojú eyín 4 ṣì wà lápá ẹ̀.

Àwọn lánlọ́ọ̀dù pe mítìn lẹ́yìn náà, wọ́n ní Rottweiler àti pitbull ò gbọdọ̀ sí ládùúgbò mọ́, wọ́n fún wa ní oṣù kan. Mi ò jiyàn. Mo ta kéèjì fáwọn onírin, mo gbé Queen lọ sóko ẹ̀gbọ́n mi lọ́nà Ọ̀tà, mo kúrò nínú òwò yẹn pátápátá. Àmọ́ ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Oṣù yẹn ò tíì parí tí Rottweiler ilé kejì wa fi di "Alsatian míìsì". Ẹni tó ní pitbull ní kì í ṣe pitbull, American Bully ni. Alága pè mí pé kí n wá bá òun wò ó, torí èmi ni mo mọ ajá, mo dúró níwájú ajá náà títí, èmi tí mo ta ajá fún ọdún 9, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé báyìí ló ṣe jẹ́. Ajá Èkó ti pò mọ́ra wọn, ìyá jẹ́ èyí, bàbá jẹ́ tọ̀hún, ẹni tó tà á ló máa ń fún un lórúkọ, orúkọ tó bá máa mówó wá ló sì máa fún un. Wọn ò kọ boerboel sínú òfin yẹn, kí ọdún tó yí, boerboel méjì ti wọ àdúgbò, wọ́n tóbi ju Queen lọ fíìfíì. Ajá lókà (ajá ìbílẹ̀) kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, pupa rúsúrúsú, kò sẹ́ni tó mọ olówó ẹ̀, abẹ́ danfo tó ti kú ló bímọ sí, èèyàn 3 ló gé jẹ lọ́dún yẹn, ọmọ ọmọ alága wà nínú wọn. A wá ajá náà tì lẹ́yìn tó gé ọmọ yẹn jẹ, torí náà kò sí ọjọ́ 10 kankan tẹ́nikẹ́ni lè kà, abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún ọmọ náà lọ pẹ̀lú ẹ̀rù. Kò sẹ́ni tó pe mítìn nítorí ajá lókà.

Tilùú ọba tẹ́ ẹ mẹ́nu bà, ọdún 1991 ni òfin wọn ti bẹ̀rẹ̀, ajá 4 ló wà níbẹ̀, pit bull terrier, tosa ti Japan, dogo Argentino àti fila Brasileiro. Wọ́n fi XL Bully, irú American Bully tó tóbi jù, kún un, láti 1 February 2024 èèyàn ò gbọdọ̀ ní in ní England àti Wales láì ní ìwé àṣẹ, £92.40 ni owó ìwé yẹn nígbà náà, wọ́n gbọdọ̀ tẹ ajá náà lọ́dàá, wọ́n gbọdọ̀ de ẹnu ẹ̀ tó bá ń jáde. Ṣẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń dá XL Bully mọ̀? Tépù wà níbẹ̀, akọ tó bá ga tó 20 inches dé èjìká, abo tó bá tó 19, wọ́n á wá wo orí àti àyà ẹ̀. Àwọn náà mọ̀ pé ìwé ẹni tó tà á ò ṣeé gbára lé. Bẹ́ẹ̀ láàárín 1998 sí 2018, tí òfin àkọ́kọ́ yẹn wà nílẹ̀, iye àgbàlagbà tí ajá ń gé jẹ dé ọsibítù ní England lọ sókè gan-an. Holland fòfin de pitbull lọ́dún 1993, wọ́n fúnra wọn ló wọ́gi lé e lọ́dún 2008 torí pé ajá ò yéé gé èèyàn jẹ.

Mi ò wá ní parọ́ fún yín torí mo fẹ́ràn ajá. Ajá lókà tó gé ọmọ jẹ lẹ́sẹ̀, wọ́n á tọ́jú ojú egbò ẹ̀. Boerboel lè tó kílò 70, tó bá fò mọ́ àgbàlagbà, onítọ̀hún á ṣubú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ̀rù yín ò nídìí. Tí wọ́n bá ṣòfin pé ajá tó bá wúwo ju báyìí lọ ò gbọdọ̀ sí nílé fésì-mí-n-fésì-ẹ, tàbí nílé tí fẹ́ńsì ẹ̀ ò ga ju èèyàn lọ, èmi á kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ẹ ṣáà lè gbé ajá sórí ìwọ̀n, ẹ sì lè fojú rí fẹ́ńsì. Kí wọ́n fi kún un pé ẹni tí ajá ẹ̀ bá gé èèyàn jẹ ló máa san gbogbo owó abẹ́rẹ́, látorí ti àkọ́kọ́ dórí ti ọjọ́ 28, torí owó immunoglobulin yẹn nìkan gbé owó ọmọ ajá méjì lọ lọ́wọ́ mi, ìyá elépà ò lè san án láéláé.

Ní ti ará ilé yín, ẹ má bá a jà. Ẹ kí i, ẹ ní ẹ fẹ́ mọ ajá náà. Ẹ wo bóòtù géètì ẹ̀ dáadáa, tẹ́ ẹ bá rí wáyà tàbí okùn tí wọ́n fi so ó, ẹ má fi falẹ̀, ẹ sọ fún un lọ́jọ́ yẹn náà. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín pé tí ajá bá jáde, wọn ò gbọdọ̀ sáré, kí wọ́n dúró gbagidi, kí wọ́n ká ọwọ́ mọ́ra, kí wọ́n má wò ó lójú. Tẹ́ ẹ bá dé mítìn ẹ́sítéètì yín, ẹ ní kí gbogbo ẹni tó ní ajá, ńlá àti kékeré, pẹ̀lú ajá lókà tí àwọn mégàádì ń fún lóúnjẹ, mú káàdì abẹ́rẹ́ ẹ̀ wá. Kẹ́ ẹ sì pe nọ́ńbà dọ́kítà ajá tó wà lórí káàdì náà níbẹ̀ lójú gbogbo yín. Tèmi ò ní nọ́ńbà kankan lórí ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó béèrè rí.