Ẹ Bi Àǹtí: Kíláàsì Ìrọ̀lẹ́ Àwọn Ọmọ Júù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nígbà tí mo mẹ́nu bà á lóṣù tó kọjá pé mo ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà ní ọ́fíìsì sínágọ́gù kan ní Philadelphia, ìlú tí Rebecca Gratz ti dá Sọ́ńdè skúùlù Hébérù sílẹ̀ ní 1838, pé èmi ni mo máa ń ṣílẹ̀kùn fáwọn ọmọ tó ń wá kíláàsì nírọ̀lẹ́, mi ò mọ̀ pé lẹ́tà á pọ̀ tó báyìí. Mẹ́ta ni mo mú nínú wọn.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Maryland là ń gbé. Ọmọ mi obìnrin ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ Júù, kíláàsì kan náà ni wọ́n wà ní skúùlù, ọmọ ọ̀hún ò ráyè ṣeré mọ́ láti ọdún tó kọjá, Túsìdeè kíláàsì Hébérù, Sọ́ńdè kíláàsì, Tọ́sìdeè tíṣà kan tún ń kọ́ ọ lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti wá fún wa ní káàdì báyìí pé ó fẹ́ ṣe bat mitzvah. Kí ni wọ́n ń kọ́ ọmọdé tó gba gbogbo àkókò yìí? Kí la máa mú dání lọ, kí la ò sì gbọdọ̀ ṣe níbẹ̀? — Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ lọ o, ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun dí yín lọ́wọ́, torí ọjọ́ tí wọ́n pè yín sí yẹn, ọmọ náà á ti máa múra ẹ̀ sílẹ̀ fún bí ọdún kan.

Lófin Júù, ọmọkùnrin tó bá ti pé ọdún 13, ọmọbìnrin tó bá ti pé 12, òfin Ọlọ́run ti dè é nìyẹn, tó bá ṣe rere tiẹ̀ ni, tó bá ṣẹ̀ ọrùn ara ẹ̀ ló wà, ó ti kúrò lọ́rùn bàbá àti ìyá. Ohun tí bar mitzvah túmọ̀ sí nìyẹn, ọmọ tí òfin dè, bat mitzvah sì ni tobìnrin. Àwọn sínágọ́gù tí wọ́n gba àyípadà láyè, 13 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò fún tọkùnrin tobìnrin. Bí wọ́n ṣe páàtì bí wọn ò ṣe páàtì, ọjọ́ orí yẹn náà ló ṣe é. Ohun tó ń gba àkókò ni pé wọ́n máa pe ọmọ yẹn síwájú ìjọ kó wá ka Tórà.

Ẹ má rò pé bí ìgbà téèyàn ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Tórà, Ìwé Mósè márààrún tá a mọ̀ yẹn náà ni, wọ́n fọwọ́ kọ ọ́ sórí awọ, wọ́n ká a bí ẹní, kò sí fáwẹ́lì nínú ẹ̀, kò sí kọ́mà, kò sí àmì ìdánudúró. Kọ́ńsónáǹtì nìkan. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá kọ "igba" ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp láìfi àmì sí i, ẹ ó kọ́kọ́ dúró wò ó bóyá igbá ni, ìgbà ni, àbí igba náírà, tiwa ṣì sàn torí fáwẹ́lì wà níbẹ̀, ká ní "gb" lásán ni wọ́n kọ ńkọ́? Bí ọmọ ọdún 12 ṣe máa dúró níwájú bàbá àgbà àti ìyá àgbà kà á nìyẹn, tó bá sì ṣi ọ̀rọ̀ kan pè débi tí ìtumọ̀ yí padà, wọ́n á dá a dúró pé kó tún un pè. Orin tún wà lórí ẹ̀ o, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tí wọ́n fi ń kọ ọ́, àmì orin yẹn náà ò sí lórí awọ. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ni ìwé kan tí wọ́n ń pè ní tikkun, ojú ewé ẹ̀ pín sí méjì, fáwẹ́lì àti àmì orin wà lápá kan, apá kejì rí bíi ti awọ gẹ́lẹ́, ọmọ á wo apá àkọ́kọ́ títí, á wá fọwọ́ bò ó, á gbìyànjú apá kejì. Mo máa ń gbọ́ wọn láti ọ́fíìsì mi, ìlà kan ṣoṣo, nígbà ogún.

Wọn kì í sì í yan ibi tó dùn fún ọmọ. Tórà pín sí ọ̀nà 54, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, nígbà míì wọ́n á ka méjì pọ̀, wọ́n á kà á tán lọ́dún kan, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti "Ní àtètèkọ́ṣe". Ibi tí bọ́ọ̀dé ọmọ bá bọ́ sí, ibẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ tiẹ̀. Ẹlòmíì á bọ́ sí ibi tí Òkun Pupa ti pín, ẹlòmíì á bọ́ sí Léfítíkù orí 13, ẹ̀tẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ọmọbìnrin kan bọ́ sí ti ẹ̀tẹ̀ yẹn nígbà tí mo wà níbẹ̀, ó sunkún lọ́dọ̀ tíṣà ẹ̀, torí ẹni tó bá kà á tán ló tún máa dúró sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ fún gbogbo ìjọ. Nígbà tọ́jọ́ pé, ó ní òun ka ìwé náà dé orí 14, òun rí i níbẹ̀ pé wọ́n lé adẹ́tẹ̀ jáde kúrò ní ibùdó lóòótọ́, ṣùgbọ́n àlùfáà fúnra ẹ̀ ló máa jáde tọ̀ ọ́ lọ lóde láti lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wá bi àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ tó jókòó níwájú pé ọmọ tí wọ́n yọ kúrò nínú gúrúpù wọn lórí fóònù lọ́dún yẹn, ta ló jáde tọ̀ ọ́ lọ? Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ohun tí wọ́n ń lọ kọ́ láwọn ìrọ̀lẹ́ yẹn nìyẹn, ìyá wa.

Ti pé ọmọbìnrin ń kà á yìí, kò tíì fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ o. Ọjọ́ 18 oṣù March 1922 ni Judith Kaplan, ọmọ Rábì Mordecai Kaplan, ṣe tiẹ̀ ní New York, òun ni wọ́n máa ń kà sí àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, inú ìwé títẹ̀ ló sì ti kà á, kì í ṣe lórí awọ. Àwọn Júù tí wọ́n di àṣà àtijọ́ mú ṣinṣin, ọ̀nà míì ni ayẹyẹ ọmọbìnrin tiwọn máa ń gbà títí dòní.

Ẹ̀bùn: owó dáa, àmọ́ ẹ jẹ́ kó jẹ́ dọ́là 18, tàbí 36, tàbí 54, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà Hébérù kọ̀ọ̀kan ló ní iye tiẹ̀, lẹ́tà méjì tí wọ́n fi kọ "ìyè" jẹ́ 8 àti 10. Ẹ má gbé owó fún un nínú sínágọ́gù ní Sátidé o, Ọjọ́ Ìsinmi ni, ẹ fi ránṣẹ́ sílé wọn ṣáájú. Ẹ pa fóònù, ẹ má ya fọ́tò, ẹ bo èjìká, ọkùnrin á dé fìlà, fìlà tiwa náà dáa. Tẹ́ ẹ bá bá ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣí báàgì, ẹ má bínú, láti October 2018 tí ẹnì kan ti yìnbọn pa èèyàn 11 nínú sínágọ́gù ní Pittsburgh, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, èmi tí mò ń ṣí i mọ bí àyà mi ṣe máa ń ṣe.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín láti London. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé 15, látìgbà tó ti ṣe kọnfamésọ̀n, tí bíṣọ́ọ̀bù ti gbọ́wọ́ lé e lórí, kò fẹ́ fẹsẹ̀ kan Sọ́ńdè skúùlù mọ́. Mo bú u, mo gba fóònù ẹ̀, pàbó ló já sí. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ jẹ́ Júù, ó ní ọmọ òun ọdún 16 ṣì ń lọ kíláàsì tiwọn. Kí ni wọ́n ń ṣe tí ọmọ wọn fi ń dúró? — Bàbá Tó Ti Rẹ̀

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ rọra. Tọ̀gá yín dáa, àmọ́ ẹ má rò pé gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí nílé kéwú wa, ọmọ míì wà tó jẹ́ pé tó bá ti ṣe wòlímọ́tù tán, àfáà ò ní fojú kàn án mọ́. Ní sínágọ́gù tí mo wà, ọdún tó bá tẹ̀ lé bar mitzvah, àga á ṣófo, ó máa ń dun rábì yẹn débi tí kì í lè jẹun.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti pẹ́. Ó wà nínú Tálímúdì, ìwé ńlá tí wọ́n kọ àríyànjiyàn òfin wọn sí, ní apá tí wọ́n ń pè ní Bava Batra, pé nígbà kan, ọmọ ọdún 16, 17 ni wọ́n ń kó wá sílé ẹ̀kọ́, ọmọ tí tíṣà ẹ̀ bá sì ti bínú sí, á ta ko tíṣà, á jáde, ó lọ nìyẹn. Ìgbà tí Joshua ben Gamla, olórí àlùfáà, dé ló pàṣẹ pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní tíṣà, kí ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 6 tàbí 7. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ pé ọmọ 25 ni kí tíṣà kan máa kọ́, tó bá di 40 kí wọ́n wá ẹni kún un lọ́wọ́, tó bá di 50 kí wọ́n gba tíṣà méjì. Ẹ̀yin ẹ wo ọmọ ọdún 16 yẹn, bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n bínú sí i, ó jáde. Tiyín náà nìyẹn.

Mo rí ohun tó ń dá àwọn kan dúró. Ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sìdeè wọ́n á jókòó ní méjì méjì, ìwé kan láàárín wọn, hevruta ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ wọn sì ni kí wọ́n jiyàn. Èyí tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ wà ní Bava Metzia, apá míì nínú Tálímúdì yẹn. Èèyàn méjì di aṣọ kan mú, ẹ ṣáà gbà pé agbádá sányán ni, ọ̀kan ní èmi ni mo he é, èmi ni mo ni gbogbo ẹ̀, èkejì náà ní èmi ni mo he é, èmi ni mo ni gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì búra, kí wọ́n pín in. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí ọ̀kan bá wá ní gbogbo ẹ̀ ni tòun, tí èkejì ní ìdajì ni tòun ńkọ́? Ẹni àkọ́kọ́ á gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹnì kejì á gba ìdá kan. Àwọn ọmọ á fò sókè! Pé ṣé ẹni tí kò ṣojúkòkòrò wá ni kó fara gbá a, torí ká ní òun náà pariwo pé gbogbo ẹ̀ ni, ìdajì ni ì bá gbà. Tíṣà ò ní dá wọn lóhùn, á kàn ní kí wọ́n padà sínú ìwé. Ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rí i pé ìdajì tí ẹnì kejì ò bá a dù, ti ẹni àkọ́kọ́ ni láìsí ìjà, ìdajì tí wọ́n jọ ń fà ni wọ́n pín sí méjì. Kódà tí wọ́n bá rí i, àwọn míì ò gbà. Mo ti rí ọmọkùnrin méjì tí wọ́n jà á dé ibi tí mọ́tò ìyá wọn wà, òjò ń rọ̀, wọn ò fẹ́ wọlé.

Wọ́n tún máa ń fún wọn níṣẹ́. Ọmọ ọdún 14, 15 á padà wá ní Sọ́ńdè wá kọ́ àwọn ọmọ ọdún 7 ní lẹ́tà Hébérù 22, madrich ni wọ́n ń pè wọ́n, ibòmíì tiẹ̀ ń fún wọn lówó díẹ̀. Ọmọ tí kì í fẹ́ jí, á jí, torí àwọn ọmọ kékeré ń dúró dè é. Kọnfamésọ̀n náà wà lọ́dọ̀ àwọn kan nínú wọn, àwọn Júù tó ń ṣàtúnṣe ẹ̀sìn ní Jámánì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, wọ́n rí i lọ́dọ̀ àwọn Kìrìsìtẹ́nì tó yí wọn ká, ní Amẹ́ríkà ó di tọmọ bí ọdún 16, lásìkò Shavuot tá à ń pè ní Pẹ́ńtíkọ́sì, kí ọmọ má bàa ka 13 sí òpin ẹ̀kọ́. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Júù náà wà, AZA tọkùnrin bẹ̀rẹ̀ ní Omaha ní 1924, BBG tobìnrin ní 1944, àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń dìbò yan olórí wọn. Ní London tẹ́ ẹ wà, cheder ni wọ́n ń pe kíláàsì Sọ́ńdè, àwọn míì sì wà ní skúùlù Júù pátápátá, JFS tó wà níbẹ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ láti 1732.

Àbúrò mi, ẹ dá fóònù ọmọ padà fún un. Ẹ lọ bá àwọn tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì yín, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún un láwọn ọmọ kékeré kó máa kọ́. Nílé, ẹ mú ibi tó le nínú Bíbélì, bíi Jẹ́fútà àti ọmọ ẹ̀ obìnrin, ẹ jókòó tì í, ẹ jẹ́ kó bá yín jiyàn, ẹ má pè é ní àfojúdi. Mo mọ̀ pé ìyẹn ló máa le jù fún yín, bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni pé àgbà ń sọ̀rọ̀, ọmọdé ń gbọ́.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Ìbàdàn ni mo ti ń kàwé, mo ti ń kọ́ Hébérù díẹ̀díẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé àwọn aláwọ̀ dúdú wà tó ń fi ẹ̀kọ́ Júù kọ́ ọmọ wọn, àbí òyìnbó nìkan ni? Àbúrò mi ọmọ ọdún 14 náà fẹ́ mọ̀ ọ́n. — Akẹ́kọ̀ọ́

Ìdáhùn: Wọ́n wà dáadáa, ọmọ mi. Ní Uganda, lẹ́bàá Mbale, àwọn Abayudaya ti ń pa òfin Mósè mọ́ láti 1919 tí Semei Kakungulu, jagunjagun ńlá kan, ti kó àwọn èèyàn ẹ̀ sínú ẹ̀, rábì wọn Gershom Sizomu lọ kàwé ní Los Angeles, ó sì gboyè rábì ní 2008. Àwọn Júù Etiópíà wà, èyí tó ju 14,000 lọ ni wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú kó lọ sí Ísírẹ́lì láàárín ọjọ́ kan àtààbọ̀ ní May 1991. Ní Nàìjíríà níbí, àwọn Igbo kan ń ṣe é, wọ́n ní sínágọ́gù ní Abuja.

Tó o bá fẹ́ lọ síbi kankan, kọ lẹ́tà ṣáájú, má kàn yọ sí wọn. Júù kì í wá èèyàn kiri kó lè wọ ẹ̀sìn wọn, rábì míì lè kọ́kọ́ sọ fún ẹ pé rárá, má jẹ́ kó dùn ẹ́. Ní ti àbúrò ẹ, wá ìwé tó ní fáwẹ́lì fún un, kó bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì orí 1, apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń kà á o, ìlà mẹ́ta lójúmọ́ tó, kó máa kà á sókè, kí ìwọ náà jókòó tì í.