Máìkì rẹ kọ́ ló bàjẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Jìtá ni mò ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íbàdàn. Tí mo bá ń ta á, ó máa ń dùn létí mi, àmọ́ tí a bá ká a sílẹ̀, á máa han gooro bí ẹ̀fọn. Máìkì SM57 ni mo ń lò, àárín gbùngbùn spíkà amp (àpótí tó ń gbé ohùn jìtá jáde) ni mo sì ń gbé e sí. Ẹnì kan tó ń ta irinṣẹ́ orin ní kí n lọ ra máìkì kọ́ńdẹ́ńsà olówó ńlá. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Má ra nǹkan kan, àbúrò.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé lóṣù yìí tí wọ́n á bi mí ní ìbéèrè yìí, ẹni tó ní máìkì tà ló sì máa ń wà nídìí ẹ̀. Láti 1965 ni Shure ti gbé SM57 jáde, àwọn sitúdíò ńláńlá l'Amẹ́ríkà àti ní London ṣì ń gbé e síwájú amp dòní. (Ojúlówó ni mò ń sọ o. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, mi ò sì tíì rí tìẹ.)

“Àárín gbùngbùn” tí o sọ yẹn lọ̀rọ̀ wà. Ó ti wọ àwọn èèyàn lórí pé àárín spíkà ni ohùn ti ń jáde, bí omi ṣe ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Irọ́ gbuu. Gbogbo bébà spíkà yẹn látòkè délẹ̀ ló ń gbọ̀n. Èyí tó ń ti àárín jáde jù ni ohùn tín-ín-rín tó ń gún etí, tààrà níwájú ló sì máa ń lọ bí iná tọ́ọ̀ṣì. Bàsì ní tiẹ̀ a máa tàn káàkiri yàrá.

Wo ara rẹ tí o bá ń ta jìtá. Amp wà nílẹ̀, ìwọ wà lóòró. Orúnkún rẹ ni spíkà kọjú sí! Ohùn tó ń gún yẹn gba ibi ẹsẹ̀ rẹ kọjá lọ, èyí tó gòkè wá bá etí rẹ ti rọ̀. O wá gbé máìkì síbi tí orúnkún wà, o ní kó gbọ́ ohun tí etí gbọ́. Lálẹ́ òní, yí ohùn amp wálẹ̀ dáadáa (etí kò sí lọ́jà), kó o bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ẹ̀. Wàá bá ẹ̀fọn yẹn níbẹ̀.

Kọ́ńdẹ́ńsà tí wọ́n fẹ́ tà fún ọ, ohùn tín-ín-rín yẹn gan-an ló tún máa ń gbọ́ ju SM57 lọ. Á sì bá ọ ká jẹnẹrétọ̀ ilé kejì mọ́ ọn.

Gbé amp sórí àga. Tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí aṣọ iwájú ẹ̀, wàá rí ìdérí roboto kan láàárín spíkà. Má tú ẹ̀yìn amp o, pàápàá tó bá jẹ́ onítúùbù (èyí tó ní bí gílóòbù onígíláàsì nínú): iná tó lè pa èèyàn ṣì lè wà nínú ẹ̀ lẹ́yìn tí o bá ti yọ ọ́ lára iná. Tí o bá tú u, kì í ṣe èmi ni mo rán ọ. Gbé máìkì sí etí ìdérí yẹn, níbi tó ti pàdé bébà, kó jìnnà sí aṣọ ní ìwọ̀n ìka méjì. Kí ẹlòmíì máa sún un síta díẹ̀díẹ̀, kí ìwọ wà ní yàrá kejì, kó o fi héèdìfóònù gbọ́ ọ. Bó ṣe ń lọ sétí spíkà ni ohùn á máa rọ̀. Tó bá sún sẹ́yìn, bàsì á dínkù, ariwo yàrá á sì máa wọlé. Mo ṣe báyìí fún àgbà kan tó ń ta jìtá tẹ́nọ̀ nínú orin jùjú, ìwọ̀n ìka méjì péré ni mo sún un. Ó bọ́ héèdìfóònù, ó ní pẹ́dà (ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn jìtá padà) wo ni mo kì bọ̀ ọ́.

Máìkì méjì ńkọ́? Fi sílẹ̀ ná. Tí ọ̀kan bá fi sẹ̀ǹtímítà 17 jìnnà ju èkejì lọ, ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á ta ko ara rẹ̀, bí ẹni méjì tó ń ti ọkọ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn.

Ẹ sì yé fi wáyà so SM57 kọ́ sórí amp! Orí ló fi ń gbọ́ràn, ilẹ̀ ló máa kọjú sí. Máìkì Sennheiser e906 tí ẹ ń rí tí wọ́n so kọ́, ẹ̀gbẹ́ ni tiẹ̀ fi ń gbọ́.

Tí ẹ̀fọn ò bá lọ lẹ́yìn gbogbo èyí, wo ibi tí bọ́tìnì tírẹ́bù amp rẹ (èyí tó ń mú ohùn tín-ín-rín pọ̀ tàbí dínkù) wà kó o tó kọ̀wé sí mi.